Ajá Ńlá Orí Òkè Caucasus: Bí A Ṣe Lè Tọ́jú Rẹ̀ Kí Ó Má Di Ewu Nínú Ilé

Ọ̀rọ̀ ajá ńlá onírun yẹtuyẹtu tí àwọn tí ń ta ajá ń pè ní Caucasian ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí, nítorí pé ó ti ń wọ́pọ̀ lẹ́yìn géètì àwọn ilé ńlá ní Èkó. Ajá rere ni, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá mọ ibi tí ó ti wá kò lè mọ bí a ti í tọ́jú rẹ̀.

Orí òkè Caucasus, ní ilẹ̀ Georgia, Armenia àti Azerbaijan, ni àwọn darandaran ti ń fi í ṣọ́ àgùntàn lọ́wọ́ ìkookò. Òtútù ibẹ̀ pọ̀, nítorí náà ni irun rẹ̀ ṣe jẹ́ ìpele méjì: ti òkè gùn, ti ìsàlẹ̀ sì nípọn bí òwú. Akọ rẹ̀ tí ó ti dàgbà a máa wọ̀n tó kílò 50, ó kéré tán. Kì í retí àṣẹ kí ó tó dojú kọ àlejò.

Ooru ni ọ̀tá rẹ̀ àkọ́kọ́. Ajá kì í làágùn bí ènìyàn. Mímí hẹlẹ ni ó fi ń tú ooru ara dànù. Ẹ má ṣe so ó mọ́ inú oòrùn tàbí sínú ilé páànù. Ẹ fún un ní ibòòji, atẹ́gùn àti omi tútù nígbà gbogbo; àfẹ̀mọ́júmọ́ tàbí alẹ́ ni kí ẹ mú un rìn. Ẹ má fá irun rẹ̀ kanlẹ̀, ẹ máa yà á ni. Bí ó bá ń mí hẹlẹ tí ó sì ń ta gọ́ọ́gọ̀ọ́, ẹ gbé e sí ibòòji, ẹ da omi tútù sí i lára, ẹ fẹ́ ẹ, kí ẹ sì gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran kíákíá.

Ọ̀ràn oúnjẹ ni ó tẹ̀ lé e. Ẹ má fún un ní oúnjẹ òòjọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ pín in sí ọ̀nà méjì tàbí mẹ́ta, kí ó má sì sáré lẹ́yìn oúnjẹ. Bí ikùn rẹ̀ bá wú, tí ó fẹ́ bì ṣùgbọ́n tí kò rí nǹkan bì, ikùn rẹ̀ lè ti lọ́ nínú. Ẹ má dúró di ọjọ́ kejì, nítorí ó lè kú láàárín wákàtí díẹ̀.

Èyí tí ó kan ẹ̀mí wa jù ni àrùn dìgbòlugi. Ẹ bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ rẹ̀ nígbà tí ajá bá pé oṣù mẹ́ta, kí dókítà sì sọ ìgbà tí ẹ ó tún un gbà. Bí ajá bá bu ènìyàn jẹ, ẹ fi ọṣẹ àti omi tí ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15. Ẹ má fi epo tàbí ata sí i. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, nítorí bí àrùn yìí bá ti fara hàn, kò sí oògùn tí a mọ̀ tí ó ń wò ó.

Ẹ má fi ọmọdé sílẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ láìsí àgbà níbẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí ó mọ ènìyàn láti kékeré. Ẹni tí kò bá ní àyè, ibòòji àti owó dókítà, kí ó má rà á. Ajá kékeré tí ń gbó dáadáa tó láti ṣọ́ ilé fún un.