Fún Ọmọ Tó Gbé Ẹ́ńjìnnì V8 Sínú Ọkọ̀ Miata

Ọmọ mi, kí o tó gé páìpù èéfín kankan, béèrè iye ariwo tí wọ́n ń gbà ní pápá eré ìje ọkọ̀ tí o fẹ́ lọ. Ní Laguna Seca, ní Kalifọ́níà, 90 décibel ni òdiwọ̀n fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Ẹ̀rọ ń gbọ́ ọ lẹ́bàá ọ̀nà. Bí o bá rékọjá, àsíá dúdú ni wọn á fi pè ọ́ kúrò.

Sàlẹ́ńsà kan kì í sábà ká V8. To méjì tẹ̀léra, kí wọ́n gùn, kí inú wọn sì tóbi. Má fún páìpù lọ́rùn nítorí ariwo, agbára ẹ́ńjìnnì ni yóò bá a lọ. Òwú inú sàlẹ́ńsà a máa jóná díẹ̀díẹ̀. Ra èyí tó ṣeé tú. Fi ìsopọ̀ tó ń tẹ̀ sẹ́yìn ẹ́ńjìnnì, torí ẹ́ńjìnnì a máa mì, páìpù tó le gbagidi á sì sán. Tó bá jẹ́ irin tí kì í dípata lo ń jó pọ̀, jẹ́ kí argon máa fẹ́ nínú rẹ̀, kí inú ojú ìjópọ̀ má baà dúdú kó sì rí ṣágiṣàgi.

Yí ẹnu páìpù kúrò níbi tí ẹ̀rọ ariwo wà. Àwọn kan ní ẹ̀tàn ni. Èmi ò rí aburú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n má jẹ́ kí páìpù èéfín sún mọ́ páìpù epo tàbí ti bíréèkì.