Ẹ̀kọ́ Lẹ́bàá Ibùsùn Aláìsàn

Ẹ ka: Jóòbù 2:11–13, Mátíù 25:31–46, Jákọ́bù 5:13–16.

Nínú ẹ̀kọ́ wa ti ìgbà yìí, a fẹ́ yẹ ọ̀nà tí a ń gbà kọ́ àwọn tí Ọlọ́run pè sí iṣẹ́ àlùfáà wò, pàápàá àwọn tí yóò máa ṣiṣẹ́ láàrin àwọn aláìsàn ní ilé ìwòsàn. Ó lè ya àwọn olùkàwé wa lẹ́nu pé àwa tí iṣẹ́ wa jẹ́ ìtumọ̀ Bíbélì ń dá sí irú ọ̀rọ̀ yìí. Ìdí rẹ̀ kò jìnnà. Iṣẹ́ olùtumọ̀ àti iṣẹ́ àlùfáà ilé ìwòsàn pàdé ní ibi kan: a kò gbọdọ̀ fi ọ̀rọ̀ tiwa sí ẹnu ẹlòmíràn. Kí a tó fèsì, a ní láti gbọ́. Kí a sì tó sọ pé a gbọ́, a ní láti mọ ohun tí ẹni tí ó sọ̀rọ̀ ní lọ́kàn.

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta nínú Ìwé Mímọ́

Ọ̀rọ̀-ìṣe tí Mátíù lò nígbà tí Olúwa wa ń sọ̀rọ̀ nípa àwọn tí ó tọ aláìsàn lọ (25:36) ni episkeptomai ní èdè Gíríìkì. Ìpìlẹ̀ ìtumọ̀ rẹ̀ ni kí a wo ènìyàn tàbí nǹkan dáadáa. Ọ̀rọ̀ yìí kan náà ni Jákọ́bù lò ní ti àwọn aláìníbaba àti àwọn opó (1:27). Òun náà sì ni Lúùkù lò nígbà tí Sakaráyà ń yin Ọlọ́run tí ó bojú wo àwọn ènìyàn rẹ̀ (1:68). Láti gbòǹgbò kan náà ni orúkọ oyè àwọn alábòójútó ìjọ ti jáde. Bí a bá lo "bẹ̀ wò" nìkan fún un, ẹnìkan lè rò pé kí òun yà kí aláìsàn, kí òun gbé ọsàn kalẹ̀, kí òun sì máa lọ ti tó. Ṣùgbọ́n "bójú tó" mú ojú wọ inú ọ̀rọ̀ náà: ẹni tí ó ń bójú tó ènìyàn ti fi ojú sí i lára, kì í sì í tètè gbé e kúrò.

Ọ̀rọ̀ kejì ni èyí tí a lò fún àìsàn ní ẹsẹ kan náà. Astheneo ni, ìtumọ̀ rẹ̀ gan-an sì ni kí ènìyàn wà láìní agbára. Yorùbá ní ọ̀rọ̀ méjì tí ó sún mọ́ ọn, àìsàn àti àìlera. Àìsàn ń tọ́ka sí ohun tí kò tíì sàn. Àìlera ń tọ́ka sí okun tí ó ti lọ. Àìsàn ni dókítà ń bá jà. Ṣùgbọ́n àìsàn mìíràn wà tí agbára oògùn kò ká mọ́, tí ẹni tí ó ń ṣe é sì nílò okun láti fi gbé ìwọ̀nba ọjọ́ tí ó kù fún un. Ní ẹ̀gbẹ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ àlùfáà kò tíì parí.

Ọ̀rọ̀ kẹta ni parakletos, tí Bíbélì Yorùbá pè ní Olùtùnú nínú Jòhánù 14:16. Ní Gíríìkì, ẹni tí a pè wá sí ẹ̀gbẹ́ ẹni ni. Ní Yorùbá, ẹni tí ń tu ni nínú ni. Gíríìkì sọ ibi tí olùtùnú dúró sí; Yorùbá sọ ibi tí iṣẹ́ rẹ̀ dé. Àlùfáà ilé ìwòsàn kò lè ṣe aláìní èyíkéyìí nínú méjèèjì.

Bí ẹ̀kọ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀

Fún ìgbà pípẹ́, inú ìwé ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀kọ́ sẹ́mínárì wà: Hébérù àti Gíríìkì, ìtàn Ìjọ, ẹ̀kọ́ nípa Ọlọ́run, àti ìwàásù. Dókítà kò lè gba ìwé ẹ̀rí láìjẹ́ pé ó ti tọ́jú aláìsàn lábẹ́ ojú ọ̀gá rẹ̀. Ṣùgbọ́n àlùfáà lè gba oyè kí ó tó jókòó ti ẹni tí ń kú lọ fún ìgbà àkọ́kọ́. Ní 1925, Richard Cabot, dókítà kan ní ìlú Boston ní Amẹ́ríkà, kọ̀wé pé ó yẹ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀kọ́ ìsìn lo ọdún kan láàrin àwọn aláìsàn, gẹ́gẹ́ bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ti ń ṣe.

Ní ọdún yẹn kan náà, Anton Boisen kó ìwọ̀nba akẹ́kọ̀ọ́ wá sí ilé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ ní Worcester, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts. Kì í ṣe inú ìwé nìkan ni Boisen ti mọ irú ibẹ̀. Ní 1920, àìsàn ọpọlọ dá òun fúnra rẹ̀ dùbúlẹ̀, ó sì lo oṣù púpọ̀ ní ilé ìwòsàn. Nígbà tí ara rẹ̀ yá, ó padà sí ẹnu ẹ̀kọ́, ó sì di àlùfáà ilé ìwòsàn Worcester ní 1924. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó kó wá kò gun orí àga ìwàásù níbẹ̀. Lọ́sàn-án, wọ́n ń ṣiṣẹ́ nínú wọ́ọ̀dù gẹ́gẹ́ bí olùtọ́jú aláìsàn. Lálẹ́, wọn a péjọ láti jíròrò ohun tí wọ́n rí àti ohun tí wọ́n gbọ́. Boisen kọ́ wọn pé kí wọ́n máa fi ìṣọ́ra tí wọ́n fi ń ka ìwé àtijọ́ ka ènìyàn tí ń jìyà.

Láti ìgbà náà ni ẹ̀kọ́ yìí ti ń tàn kálẹ̀. Ní 1967, àwọn ẹgbẹ́ tí ń ṣètò rẹ̀ ní Amẹ́ríkà para pọ̀ di ọ̀kan. Wákàtí 400 ni a sábà ń kà sí ìpele kan níbẹ̀. Apá kan nínú rẹ̀ jẹ́ ti iṣẹ́ láàrin àwọn aláìsàn, apá kan sì jẹ́ ti ìjíròrò pẹ̀lú olùkọ́ àti àwọn ẹlẹgbẹ́.

Ní ilẹ̀ tiwa, ilé ẹ̀kọ́ àwọn àlùfáà àti ilé ìwòsàn ti wà ní ìtòsí ara wọn tipẹ́. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, sẹ́mínárì ìjọ Onítẹ̀bọmi bẹ̀rẹ̀ ní 1898. Iṣẹ́ ìṣègùn ìjọ náà bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní 1907, ilé ìwòsàn tí ó ti inú rẹ̀ jáde sì ni ilé ìwòsàn ìkọ́ni Yunifásítì Bowen lónìí. Nínú irú ìlú bẹ́ẹ̀, kò ṣòro fún akẹ́kọ̀ọ́ láti ka Gíríìkì ní òwúrọ̀, kí ó sì tọ aláìsàn lọ ní ìrọ̀lẹ́.

Àkọsílẹ̀ ọ̀rọ̀ bí a ti sọ ọ́

Olórí ohun èlò ẹ̀kọ́ yìí ni àkọsílẹ̀ ọ̀rọ̀ bí a ti sọ ọ́. Cabot àti Russell Dicks, tí ó jẹ́ àlùfáà ilé ìwòsàn, gbé irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ lárugẹ nínú ìwé tí wọ́n jọ kọ ní 1936. Lẹ́yìn ìbẹ̀wò, akẹ́kọ̀ọ́ yóò jókòó, yóò sì kọ ohun tí aláìsàn sọ àti èsì tí òun fún un, gbólóhùn tẹ̀lé gbólóhùn, bí ó bá ti lè rántí tó. Yóò kọ ibi tí wọ́n ti dákẹ́ àti ibi tí omijé ti jáde. Orúkọ aláìsàn kò gbọdọ̀ hàn níbẹ̀. Olùkọ́ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yóò wá bá a yẹ̀ ẹ́ wò.

Àwa olùtumọ̀ mọ irú iṣẹ́ yìí. Nígbà tí a bá ti tú ẹsẹ kan tán, a máa ń kà á fún ẹni tí kò bá wa dá sí i, kí ó lè sọ ohun tí ó gbọ́ fún wa. Lọ́pọ̀ ìgbà, ohun tí ó gbọ́ yàtọ̀ sí ohun tí a rò pé a kọ.

Ẹ jẹ́ kí a wo àpẹẹrẹ kan tí a ṣe fún ẹ̀kọ́ yìí.

Akẹ́kọ̀ọ́: Ẹ kú ìrọ́jú, Mà. Ara ńkọ́?

Màmá: A dúpẹ́, ọmọ mi. Ilé ṣá ni mo fẹ́ lọ.

Akẹ́kọ̀ọ́: Ẹ má ṣe ìyọnu, Mà. Láìpẹ́ dókítà yóò ní kí ẹ máa lọ. Ẹ jẹ́ kí a gbàdúrà.

Màmá: Ó dára. (Ó yí ojú sí ògiri.)

Èsì akẹ́kọ̀ọ́ yìí dùn létí, àdúrà sì dára. Ṣùgbọ́n ilé wo ni Màmá ń sọ? Bóyá ilé tí àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ wà ni. Bóyá owó ìtọ́jú ti ń pọ̀ jù, kò sì fẹ́ kí àwọn ọmọ òun jẹ gbèsè nítorí òun. Bóyá ó ń sọ ọ́ bí àwọn àgbà ti ń sọ ọ́, pé ayé lọjà, ọ̀run nilé, tí ó sì ń wá ẹni tí òun lè bá sọ ọ̀rọ̀ ikú láìjẹ́ pé ẹni náà pa òun lẹ́nu mọ́. "A dúpẹ́" pàápàá kì í ṣe ìròyìn nípa ara. Ìwà ọmọlúàbí ni, àgbàlagbà a sì máa sọ ọ́ nígbà tí ìrora kò jẹ́ kí ó sùn. Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ náà bi í pé, "Ọkàn yín ń fà sí ilé, Mà?" tí ó sì dákẹ́, Màmá fúnra rẹ̀ ni ì bá yan ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ yóò gbà. Àdúrà tí ì bá tẹ̀lé e ì bá sì jẹ́ àdúrà Màmá.

Ìkìlọ̀

Nígbà tí àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, wọ́n bá a jókòó ní ilẹ̀ fún ọ̀sán méje àti òru méje, wọn kò sì sọ̀rọ̀. Títí di ìgbà náà, ìbẹ̀wò wọn dára. Ìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí ṣàlàyé ni ọ̀ràn bàjẹ́: wọ́n fẹ́ dá Ọlọ́run láre, wọ́n sì ka ẹ̀ṣẹ̀ sí aláìsàn lọ́rùn. Ní òpin ìwé náà, àwọn gan-an ni Ọlọ́run bínú sí. Lónìí pẹ̀lú, àwọn kan ń sọ fún aláìsàn pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ kò tó, tàbí pé kí ó dá oògùn rẹ̀ dúró. Ẹni tí ó sọ bẹ́ẹ̀ yóò padà sí ilé rẹ̀. Aláìsàn ni yóò wà pẹ̀lú ọ̀rọ̀ náà ní òru.

Ẹ kíyèsí i pẹ̀lú pé nínú Jákọ́bù 5:14, aláìsàn ni ó ń ránṣẹ́ pe àwọn àgbà ìjọ. Nínú wọ́ọ̀dù kan, Kristẹni, Mùsùlùmí àti ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ lè wà lórí ibùsùn tí ó tẹ̀lé ara wọn. Ẹni tí ó dùbúlẹ̀ kò lè dìde kúrò níwájú ìwàásù tí kò béèrè. Nítorí náà, àlùfáà tí ó gbọ́n a kọ́kọ́ gba àyè lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó tó jókòó, kí ó tó gbàdúrà, àti kí ó tó ka Ìwé Mímọ́.

A kò sọ pé kí a pa ìwé tì. Ẹni tí kò bá mọ ìwé Jóòbù dáadáa yóò tún ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù sọ láìmọ̀. Kí sẹ́mínárì kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ láti ka Ọ̀rọ̀ náà pẹ̀lú sùúrù. Kí ilé ìwòsàn sì kọ́ ọ láti fi sùúrù kan náà gbọ́ ẹni tí Ọ̀rọ̀ náà wà fún.

Ìbéèrè fún àṣàrò

1. Ní ìjọ yín, "bẹ̀ wò" ni ẹ ń ṣe sí àwọn aláìsàn ni, tàbí "bójú tó"? Kí ni ó fi hàn bẹ́ẹ̀?

2. Àwọn ọ̀rọ̀ wo ni àwọn àgbà àdúgbò yín ń lò nígbà tí wọn kò fẹ́ dárúkọ ikú? Báwo ni ẹni tí ó bẹ̀ wọ́n wò ṣe lè fèsì láìpa wọ́n lẹ́nu mọ́?

3. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ tí ẹ bá aláìsàn kan sọ láìpẹ́ yìí sílẹ̀, láìdárúkọ rẹ̀. Ibo ni ẹ ti gbọ́ ọ? Ibo ni ẹ ti yára fèsì jù?