Bí A Ṣe Ń Wo Ilé Ìkàwé Kenneth Dike

Bí ẹ bá fẹ́ wọkọ̀ ní Takie, ní Ògbómọ̀ṣọ́, lọ wo ilé ìkàwé Kenneth Dike ní Yunifásítì Ìbàdàn, ẹ má sá fún oòrùn. Ọ̀sán gangan ló yẹ kí ẹ débẹ̀, torí oòrùn yẹn gan-an ni wọ́n ṣe kọ́ ilé náà bó ṣe rí.

Ọkọ̀ tó bá gba Ọ̀yọ́ àti Fìdítì yóò já yín sí Òjòó. Ẹ wọ táásì níbẹ̀ dé géètì yunifásítì. Ọjọ́ iṣẹ́ ni kí ẹ lọ, kí ẹ mú káàdì ìdánimọ̀ dání. Ẹ sọ fún ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà pé ilé lẹ wá wò. Bí wọn ò bá tiẹ̀ jẹ́ kí ẹ wọlé, ìrìn yín ò já sásán: ìta ni èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí ẹ wá wò wà.

Ẹ yí i ká. Maxwell Fry àti ìyàwó rẹ̀, Jane Drew, àwọn ayàwòrán-ilé láti Ìlú Ọba, ló ya àwòrán rẹ̀ fún ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1948. Ohun tí ẹ ó kọ́kọ́ pè ní ògiri, kankéré oníhò ni, ó dà bí ajere. Ẹ̀yìn ajere yìí ni ọ̀dẹ̀dẹ̀ wà, yàrá ìwé wá wà lẹ́yìn ọ̀dẹ̀dẹ̀. Oòrùn á gbẹ́sẹ̀ lé kankéré, òjò á parí sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, atẹ́gùn nìkan ló ń dé ọ̀dọ̀ ìwé. Ìwé kórìíra ọ̀rinrin. Bí afẹ́fẹ́ ò bá fẹ́ sí i, á hu ẹbu. Àwọn bàbá wa náà mọ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gbàlejò lọ́sàn-án. Inú mi máa ń dùn pé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ńlá yìí ò gbàgbé rẹ̀.

Bí wọ́n bá gbà yín wọlé, ẹ pa fóònù, ẹ dúró jẹ́ẹ́ níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń gba ihò bọ́ sílẹ̀, kí ẹ jẹ́ kí ara yín sọ bó ṣe tutù tó. Ẹ má ya fọ́tò akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kàwé.

Ẹni tó bá ń múra àtikọ́lé, kó mú bíríkìlà rẹ̀ dání. Kó fẹsẹ̀ wọn bí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ṣe fẹ̀ tó, kó ya bí ihò ṣe rí sínú ìwé, nítorí fèrèsé gíláàsì tí à ń fi sílé báyìí láìsí ìbòòji ń sun wá. Kí ẹ kúrò ní Òjòó kó tó di aago mẹ́rin, kí ilẹ̀ má baà ṣú kí ẹ tó dé Ògbómọ̀ṣọ́.