Ṣáàfù Ẹ̀yìn Ọkọ̀ Land Rover: Bí A Ṣe Ń Pààrọ̀ Rẹ̀ Nílé

Nínú ẹ̀kọ́ yìí, a ó kọ́ bí a ṣe ń yọ ṣáàfù tó ti jẹ lẹ́yìn ọkọ̀ Land Rover, tí a ó sì fi tuntun rọ́pò rẹ̀. Iṣẹ́ náà kò le. Ẹni tó ní sípánà, tó sì ní sùúrù, lè ṣe é ní àgbàlá ilé ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan wà níbẹ̀ tó lè pa ènìyàn. Ohun náà ni a fẹ́ kí ẹ mọ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kan bóòtù kankan.

Ìlú Solihull ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí ṣe Land Rover ní ọdún 1948. Àwọn tí wọ́n ṣe láàárín ọdún 1958 àti 1985 ni ẹ̀kọ́ wa wà fún, àwọn tí sípíríǹgì wọn jẹ́ irin pẹlẹbẹ tí a tò léra wọn.

Kí ni ṣáàfù?

Ṣáàfù ni ọ̀pá irin gbọọrọ tó ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì lọ sí ẹsẹ̀ ọkọ̀. Méjì ló wà lẹ́yìn, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Àpótí gíá ẹ̀yìn, tó rí róbótó bí ìkòkò, wà láàárín wọn. Orí ṣáàfù kan wọ inú àpótí yìí. Orí kejì so mọ́ ẹsẹ̀ ọkọ̀. Eyín wà lára orí ṣáàfù. Àwọn eyín yìí ni wọ́n fi ń di ara wọn mú.

Inú páìpù irin tó nípọn ni ṣáàfù wà. Páìpù yìí ló ru ẹrù ọkọ̀. Ṣáàfù kò ru nǹkan kan. Yíyí ni iṣẹ́ tirẹ̀. Nítorí náà, bí a bá fa ṣáàfù jáde, ọkọ̀ ṣì dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kì í ṣe gbogbo ọkọ̀ ló rí bẹ́ẹ̀ o! Lára ọkọ̀ mìíràn, ṣáàfù ló di ẹsẹ̀ ọkọ̀ mú. Bí ẹ bá fà á yọ níbẹ̀, ẹsẹ̀ ọkọ̀ á tẹ̀lé e.

Báwo ni a ṣe ń mọ̀ pé ó ti jẹ?

Bí ọkọ̀ bá fẹ́ gbéra, a ó gbọ́ "gbàù" lẹ́yìn. Bí a bá tẹ iná mọ́ ọn lójijì, a ó tún gbọ́ ọ. Eyín ṣáàfù lè ti jẹ nìyẹn. Kò fún mọ́ra mọ́. Bí a bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, yóò kán lọ́jọ́ kan. Ọjọ́ tó sì máa ń kán ni ọjọ́ tí ẹrù kún inú ọkọ̀, tí ọkọ̀ há sínú ẹrẹ̀, tí awakọ̀ sì ń tú kílọ́ọ̀sì sílẹ̀ gbì.

Bí ó bá kán lójú ọ̀nà, ẹ́ńjìnnì á máa ké, gíá á wọlé, ọkọ̀ kò sì ní lọ. Ẹ má bẹ̀rù. Ẹ tẹ ọ̀pá kékeré olórí àwọ̀ ìyeyè mọ́lẹ̀. Ẹsẹ̀ iwájú á bẹ̀rẹ̀ sí fa ọkọ̀. Ẹ rọra wà á dé ibi tí ẹ ti lè tún un ṣe, nítorí irin tó kán lè ba gíá jẹ́.

Ohun tó lè pa ènìyàn

Bíréèkì ọwọ́ ọkọ̀ yìí kì í di ẹsẹ̀ ọkọ̀ fúnra rẹ̀ mú. Ọ̀pá tó ń lọ láti àpótí gíá sí ẹ̀yìn ló ń dì mú. Ọ̀pá yìí àti ṣáàfù méjèèjì ni okùn tó fi so ẹsẹ̀ ẹ̀yìn mọ́lẹ̀. Bí ṣáàfù kan bá kán, tàbí tí a fà á yọ, okùn ti já. Bíréèkì ọwọ́ kò lè dá ọkọ̀ dúró mọ́. Gíá tí a kì bọ̀ ọ́ náà kò lè dá a dúró.

Bákan náà ló rí bí a bá fi jáàkì gbé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kan ṣoṣo. Èyí tó wà lókè á máa yí, ọkọ̀ á sì lè yọ̀ kúrò lórí jáàkì. Land Rover wúwo ju tọ́ọ̀nù kan lọ. Ẹni tó bá wà lábẹ́ rẹ̀ kò ní rí àyè sá.

Nítorí náà, ẹ pa òfin mẹ́ta yìí mọ́:

1. Orí ilẹ̀ tó tẹ́jú ni kí ẹ gbé ọkọ̀ sí.
2. Ẹ fi òkúta ńlá tàbí ìtì igi há ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì, níwájú àti lẹ́yìn.
3. Ẹ tẹ ọ̀pá olórí àwọ̀ ìyeyè mọ́lẹ̀, kí bíréèkì ọwọ́ lè di ẹsẹ̀ iwájú mú pẹ̀lú. Síbẹ̀, òkúta ni kí ẹ gbẹ́kẹ̀ lé.

Iṣẹ́ yá

1. Ẹ nu àárín ẹsẹ̀ ọkọ̀ mọ́ tónítóní. Iyanrìn ni ọ̀tá gíá. Ẹ gbé agolo sábẹ́ rẹ̀ fún ọ́ìlì tó lè kán sílẹ̀.

2. Ẹ ó rí àwo irin kan tí bóòtù 6 dì mú. Bí nọ́ọ̀tù bá wà láàárín rẹ̀ lábẹ́ ọmọrí kékeré, ẹ yọ píìnì rẹ̀, kí ẹ tú u. Lára ọkọ̀ mìíràn, àwo àti ṣáàfù jẹ́ irin kan náà. Kò sí nọ́ọ̀tù níbẹ̀.

3. Ẹ tú bóòtù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ẹ fa àwo àti ṣáàfù jáde gbọọrọ.

4. Ẹ wo orí rẹ̀. Bí ó bá ti kán, ìyókù ṣì wà nínú. Ẹ so irin òòfà mọ́ ọ̀pá, kí ẹ fi fà á jáde. Bí kò bá jáde, ẹ pe mẹkáníìkì kó tú àpótí gíá. Ẹ má ṣe fi tuntun bọ̀ ọ́ títí a ó fi kó gbogbo èérún irin kúrò.

5. Ẹ mú ṣáàfù àtijọ́ lọ sí ọjà. Ti ọ̀tún àti ti òsì kì í gùn dọ́gba. Ẹ wọn gígùn rẹ̀, kí ẹ sì ka eyín rẹ̀ kí ẹ tó sanwó.

6. Ẹ fi ọ́ìlì pa eyín tuntun, kí ẹ rọra tì í wọlé. Bí kò bá wọlé, ẹ yí i díẹ̀. Ẹ má fi òòlù gbá a. Eyín á bá eyín pàdé.

7. Ẹ fi gáskẹ́ẹ̀tì tuntun sí i. Ẹ yí bóòtù kan le díẹ̀, lẹ́yìn náà èyí tó kọjú sí i, títí gbogbo wọn yóò fi le. Bí nọ́ọ̀tù bá wà, ẹ fún un le, kí ẹ fi píìnì tuntun sí i.

8. Ẹ wo ọ́ìlì àpótí gíá ẹ̀yìn. Ó gbọ́dọ̀ dé etí ihò tí a ń gbà bu ú. Bí ó bá dín, ọ́ìlì gíá ni kí ẹ fi kún un, kì í ṣe ti ẹ́ńjìnnì.

Kí ẹ tó yọ òkúta, ẹ tẹ kílọ́ọ̀sì, ẹ fa ọ̀pá olórí pupa sẹ́yìn pátápátá, kí ẹ sì tún tì í síwájú, kí ọ̀pá olórí ìyeyè lè fò sókè fúnra rẹ̀. Ẹ wa ọkọ̀ lọ síwájú díẹ̀, kí ẹ wà á padà. Bí ẹ kò bá gbọ́ "gbàù" mọ́, iṣẹ́ ti parí. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ẹ tún fi sípánà wo bóòtù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Tuntun máa ń dẹ̀ díẹ̀.

Ìbéèrè

1. Kí ló ru ẹrù ọkọ̀, ṣáàfù tàbí páìpù?
2. Kí ló dé tí bíréèkì ọwọ́ kò fi lè dá ọkọ̀ dúró bí ṣáàfù bá kán?
3. Kí ni a ó fi há ẹsẹ̀ iwájú?
4. Kí ló dé tí a fi ń mú ṣáàfù àtijọ́ lọ sí ọjà?