Ẹ̀kọ́ Nípa Aṣọ Ìsàmì Ìdílé àti Léèsì Tí A Fi Ọwọ́ Ṣe

Ọ̀ràn tí a óò gbé yẹ̀wò ní oṣù yìí ni ti aṣọ funfun gígùn tí a fi ń wọ ọmọ ọwọ́ ní ọjọ́ ìsàmì rẹ̀, èyí tí àwọn ará ilé kan ń gbà lọ́wọ́ ara wọn láti ìran dé ìran. Kì í ṣe gbogbo ilé ni ó ní irú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé tí ó bá ní i, ọjọ́ ń bọ̀ tí aṣọ náà kì yóò lè dúró ní ara ọmọ mọ́. Nígbà náà ni ìbéèrè yóò dìde. Ṣé kí a gé léèsì rẹ̀ tí ó ṣì dára, kí a sì rán an mọ́ aṣọ tuntun? Ṣé kí a máa lẹ̀ ẹ́ títí yóò fi di àkísà? Tàbí kí a pa á mọ́ bí ó ti wà, kí a sì ṣe òmíràn tí ó jọ ọ́? Ìbéèrè yìí ti wọ ilé àwa tìkára wa rí, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ìjà sílẹ̀ láàrin àwọn ìyá àgbà méjì. Nítorí náà kì í ṣe àgbọ́sọ ni èmi ń sọ.

Kí a tó dé orí abẹ́rẹ́ àti òwú, ó yẹ kí a mọ ibi tí aṣọ funfun náà ti wá. Nínú Ìwé Àdúrà àkọ́kọ́ ti Ìjọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èyí tí ó jáde ní ọdún 1549, a pa á láṣẹ pé kí àlùfáà fi aṣọ funfun kan wọ ọmọ lẹ́yìn ìsàmì rẹ̀. Ìyá ọmọ ni yóò dá aṣọ náà padà fún ìjọ ní ọjọ́ tí ó bá wá dúpẹ́ lẹ́yìn ìbímọ. Bí ọmọ náà bá kú kí ọjọ́ náà tó pé, aṣọ yìí kan náà ni a máa ń fi sin ín. Ìwé Àdúrà ti ọdún 1552 yọ àṣẹ náà kúrò. Ṣùgbọ́n ohun tí ìwé fi sílẹ̀, àwọn ìyá kò fi í sílẹ̀.

Àpẹẹrẹ tí a mọ̀ jùlọ ni aṣọ ìsàmì ti ìdílé ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kejì ọdún 1841 ni a ṣe ìsàmì fún àkọ́bí Ọbabìnrin Victoria, tí òun náà ń jẹ́ Victoria, ní ààfin Buckingham ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọjọ́ náà ni ó pé ọdún kan géérégé tí àwọn òbí rẹ̀ ti gbéyàwó. Janet Sutherland, ọmọ awakùsà èédú kan ní Falkirk ní ilẹ̀ Skọ́tílándì, ni a sọ pé ó rán aṣọ náà. Ṣẹ́dà tí a hun ní Spitalfields, ní ìhà ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, ni ara rẹ̀. Léèsì Honiton láti ìpínlẹ̀ Devon ni a sì fi bò ó. (Ọbabìnrin yìí kan náà ni ó di ìyá ìsàmì fún ọmọ tí Sarah Forbes Bonetta, ọmọ ilẹ̀ Ẹ̀gbádò, bí ní ọdún 1863, tí a sì sọ ní Victoria.) Láti ọdún 1841 títí dé ọdún 2004, ọmọ 62 ni a wọ aṣọ kan náà fún. Ẹ wo ọwọ́ mélòó tí ó ti gbé e, omi mélòó tí ó ti ta sí i lára!

Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ lórí léèsì náà, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wa ń pe orúkọ yìí láìmọ ohun tí ó jẹ́ ní ìpilẹ̀ṣẹ̀. Èyí tí àwa ń rà ní yáàdì fún ìgbéyàwó àti òkú àgbà, ẹ̀rọ ni ó ń fi òwú ya òdòdó sí ojú aṣọ. Nínú oríṣi kan, a óò tilẹ̀ fi oògùn yọ́ aṣọ tí ó wà lábẹ́ dànù, kí ó lè ku òdòdó nìkan. Ó dára fún iṣẹ́ tirẹ̀, èmi náà ní i. Ṣùgbọ́n léèsì Honiton kò ní aṣọ lábẹ́ rí. Láti inú òwú lásán ni ó ti wá. Obìnrin náà yóò jókòó ti ìrọ̀rí líle kan tí a fi koríko gbígbẹ kún, yóò fi awọ tí a ti lu ihò àpẹẹrẹ sí lára lé e lórí, yóò sì máa gún abẹ́rẹ́ olórí sí inú ihò wọ̀nyí. Òwú tín-ín-rín ni a ká mọ́ àwọn igi pẹ́pẹ̀pẹ́ tí ẹnu wọn mú. Yóò máa da igi kan kọjá lórí èkejì, yóò máa lọ́ wọn pọ̀, a ó sì máa fi abẹ́rẹ́ olórí di ibi tí òwú bá ti pàdé mú. Ẹ̀yìn iṣẹ́ náà ni ó kọjú sí i ní gbogbo àkókò yìí. Kì í rí ojú rẹ̀ títí yóò fi tú u kúrò lórí ìrọ̀rí. Ewé kọ̀ọ̀kan àti òdòdó kọ̀ọ̀kan ni a ń ṣe lọ́tọ̀, tí a óò sì wá so wọ́n pọ̀ níkẹyìn, tàbí kí a rán wọn mọ́ ojú àwọ̀n.

Àwọ̀n yìí pẹ̀lú, ọwọ́ ni a fi ń ṣe é ní ìgbà àtijọ́, títí John Heathcoat fi ṣe ẹ̀rọ tí ó ń hun ún ní nǹkan bí ọdún 1809. Àwọn tí inú ń bí sí ẹ̀rọ fọ́ èyí tí ó wà ní ilé iṣẹ́ rẹ̀ ní Loughborough ní ọdún 1816, ó sì kó lọ sí Tiverton ní Devon. Láti ìgbà náà ni owó oṣù àwọn alágbẹ̀dẹ òwú wọ̀nyí, bí a bá lè pè wọ́n bẹ́ẹ̀, ti bẹ̀rẹ̀ sí i jó àjórẹ̀yìn. Nígbà tí Ọbabìnrin Victoria fẹ́ gbéyàwó ní ọdún 1840, ó mọ̀ọ́mọ̀ ní kí wọn ṣe léèsì aṣọ rẹ̀ ní abúlé Beer, ní Devon. Bí 200 obìnrin ni ó rí iṣẹ́ ṣe nípa rẹ̀. Kí a má sì gbàgbé pé ẹwà náà ní ẹ̀yìn: àwọn ọmọ ọdún márùn-ún tàbí mẹ́fà ni a ń kó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ léèsì ní àkókò náà, níbi tí wọn ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ sí orí ìrọ̀rí láti òwúrọ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú.

Wàyí o, nígbà tí aṣọ ti ọdún 1841 ti rẹ̀ jù, kí ni wọ́n ṣe? Wọn kò gé e. Ọbabìnrin Elizabeth Kejì ní kí Angela Kelly, ẹni tí ń tọ́jú aṣọ rẹ̀, ṣe òmíràn tí ó bá a mu, ọmọkùnrin Ọmọ-Aládé Edward ni ó sì kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ ní ọdún 2008. Léèsì tuntun funfun jù, kò jọ ti àtijọ́ tí ọjọ́ ti sọ di pípọ́n díẹ̀. Kelly ròyìn nínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 2019 pé abọ́ omi tútù àti tíì ni wọ́n fi kun ún, ègé kan lẹ́yìn èkejì, ní bí ìṣẹ́jú márùn-ún fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí àwọ̀ fi bára mu. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ti ń fi tíì kun aṣọ láti ìgbà náà. Èmi kò dá wọn lẹ́bi, ṣùgbọ́n kí ẹ mọ̀ pé àwọn tí ń tọ́jú aṣọ ní ilé ìṣura kò fẹ́ ẹ, nítorí ohun kíkan tí ó wà nínú tíì a máa jẹ òwú bí ọdún ti ń gorí ọdún. Bí ó bá ṣe é ṣe, ẹ ra òwú àti aṣọ tí àwọ̀ wọn ti rí bí wàrà láti ìpilẹ̀ṣẹ̀.

Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí ní ilé, kí ó kọ́kọ́ fọ ọwọ́ rẹ̀, kí ó bọ́ òrùka, kí ó sì tẹ́ aṣọ àtijọ́ sí orí tábìlì lórí aṣọ funfun mímọ́. Kí ó má ṣe gbé e kọ́, nítorí ìwúwo rẹ̀ ni yóò fà á ya. Kí ó wọ̀n ọ́n: ọrùn, àyà, apá, gígùn, kí ó ka iye ìṣẹ́po tí ó wà ní ìsàlẹ̀, kí ó kọ ọ́ sí inú ìwé bí a ti ń dè é ní ẹ̀yìn, bóyá okùn ni tàbí bọ́tìnì. Kí ó sì fi ojú sílẹ̀ fún ohun tí ọwọ́ àwọn mìíràn ti fi kún un lẹ́yìn náà. Nínú aṣọ ilé wa, a rí i pé ríbọ́ọ̀nù tí gbogbo wa ń pè ní ti ìyá àgbà, òwú ẹ̀rọ ni a fi rán an, nígbà tí ọwọ́ ni a fi rán gbogbo ìyókù. Ìyàwó ilé kan ni ó fi í síbẹ̀ ní ìgbà mìíràn, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Lẹ́yìn èyí, kí ó kọ́kọ́ gé aṣọ òwú tí kò wọ́n, kí ó rán an bí ìdánwò, kí ó sì wọ̀ ọ́ fún ọmọ. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti máa ń kọsẹ̀. Ọmọ Ọbabìnrin Victoria kò tíì pé oṣù mẹ́ta nígbà tí a wọ aṣọ rẹ̀ fún un. Ọmọ tiwa lè ti pé oṣù mẹ́fà tàbí mẹ́sàn-án kí àwọn ẹbí tó péjọ láti ìdálẹ̀. Ọrùn rẹ̀ ti nípọn, apá rẹ̀ kò sì ní wọ inú ihò tí a gé fún ọmọ ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá. Nítorí náà ẹni tí ń rán an gbọ́dọ̀ yàn: kí ó jọ ti àtijọ́ dé ìwọ̀n ínṣì, tàbí kí ó gba ọmọ. Ní tèmi, èmi a fẹ́ kí ó gba ọmọ. Kí a fẹ àyà àti ihò apá, kí a sì jẹ́ kí ìsàlẹ̀ rí bí ó ti rí.

Nípa léèsì, ẹ má ṣe ṣèlérí ju agbára yín lọ. Ínṣì kan péré nínú iṣẹ́ orí ìrọ̀rí lè gba ọ̀pọ̀ wákàtí lọ́wọ́ ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa, bẹ́ẹ̀ ni aṣọ yìí a máa gùn ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta lọ, ìṣẹ́tí rẹ̀ a sì fẹ̀. Ẹ fi iṣẹ́ ọwọ́ sí ọrùn, àyà, àti ẹnu apá, níbi tí ojú yóò ti rí i. Kí ẹ sì ra léèsì òwú tí ó dára fún ìsàlẹ̀. Bí kò bá sí ẹni tí ó mọ ti orí ìrọ̀rí, kíróṣì pẹ̀lú jẹ́ léèsì. Ní ilẹ̀ Ireland, nígbà ìyàn ńlá tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1845, kíróṣì tí ó ń fara wé léèsì olówó iyebíye ti Venice ni ọ̀pọ̀ obìnrin fi bọ́ ilé wọn. Ọ̀pọ̀ ìyá tí ó kọ́ kíróṣì ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin lọ́dọ̀ wa lè ṣe é, bí wọ́n bá lo òwú tín-ín-rín àti ìkọ́ kékeré.

Ẹ fọ aṣọ tuntun àti léèsì tuntun kí ẹ tó rán wọn pọ̀, nítorí òwú a máa súnkì, ọ̀kan a sì máa súnkì ju èkejì lọ; ẹni tí kò bá ṣe èyí yóò rí ìṣunjọ ní ọjọ́ tí a bá kọ́kọ́ fọ̀ ọ́. Kí ẹ ká etí aṣọ kí ó tín-ín-rín bí okùn, kí ẹ sì fi abẹ́rẹ́ kékeré rán léèsì mọ́ ọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ó lè ṣe é tú láìya. Ẹ má ṣe fi nǹkan àlẹ̀mọ́ kankan sí i. Ní inú ìṣẹ́tí, ẹ fi òwú kọ ọdún tí a rán an àti orúkọ ẹni tí ó rán an, kí àwọn tí ń bọ̀ má baà gbà á sí ti ìyá àgbà.

Ní ti ìpamọ́, ẹ gbọ́ ohun tí ó ṣe wá. Nígbà kan tí a fọ aṣọ ilé wa tán, ẹni tí ó fọ̀ ọ́ fi sítáàṣì líle sí i, ó lọ̀ ọ́ kí ó dán, ó ká a, ó sì tì í sí inú àpótí onírin. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà ni a ṣí i. Aáyán ti jẹ àyà rẹ̀ títí dé ìgbànú, nítorí oúnjẹ ni sítáàṣì jẹ́ fún wọn. Ibi tí a ká sì ti la bí ẹni fi ọ̀bẹ gé e. Kí a fọ̀ ọ́ ní ọṣẹ tí kò le àti omi mímọ́, kí a má fi sítáàṣì sí i, kí a má sì lọ̀ ọ́ títí di òru ọjọ́ tí a óò wọ̀ ọ́. Kí a fi bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí kò ní ohun kíkan kún inú rẹ̀ ní ibi tí ó bá ṣẹ́po, kí a sì fi í sí ibi gbígbẹ tí ìmọ́lẹ̀ kò ti ń wọlé. Kì í ṣe inú ọ̀rá, tí ń mú kí ó làágùn.

Nígbà tí àwọn ìyá àgbà wa méjèèjì rí ìbàjẹ́ náà, èkíní ní kí a gé léèsì ìsàlẹ̀ tí aáyán kò tíì dé, èkejì ní kí a má fi abẹ ní ọwọ́ kan án. Èkejì ni ó borí. A ṣe òmíràn, ó gba oṣù méje, ti ọrùn àti ti apá ni a fi kíróṣì ṣe. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìsàmì, a rí i pé ọmọ náà ti tún sanra sí i láti ìgbà tí a ti wọ ti ìdánwò fún un; bọ́tìnì méjì òkè kò pàdé. Ìyá àgbà tí ó ti fẹ́ kí a gé ti àtijọ́ ni ó tú ìborùn funfun rẹ̀, tí ó fi bo ẹ̀yìn ọmọ náà, tí ó sì gbé e fún àlùfáà.