Ẹ Ṣẹ́ Ẹ Wò Kí Ẹ Tó Fún Ahun

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń sin ahun ní Sókótó níhìn-ín, ẹ jókòó. Òjò ti bẹ̀rẹ̀ ní Mabera àti Arkilla, ilẹ̀ tó ti gbóná janjan láti oṣù kẹta ti ń hu ewéko, kálukú sì ti ń já ewé ẹ̀yìnkùlé sínú apẹ̀rẹ̀. Ó dùn mọ́ mi nínú. Koríko tí ẹ fọwọ́ ara yín gé sàn ju búrẹ́dì àti àjẹkù ìrẹsì lọ. Ṣùgbọ́n mo rí apẹ̀rẹ̀ ọ̀kan nínú yín láàárọ̀, ọ̀rọ̀ sì wà ńbẹ̀.

Tafasa ló kún inú rẹ̀, ẹbí rẹ́rẹ́ tiwa. Mo bi ọmọ náà pé kí ló dé tó já a. Ó ní ìyá Hausa tó wà ní ilé kejì máa ń sè é jẹ. Òótọ́ ni. Àmọ́ ewé rẹ̀ tó ṣì kéré ni ìyá náà ń já, á bọ̀ ọ́, á da omi rẹ̀ nù. Ahun ò ní ìkòkò. Èso tafasa àti ti rẹ́rẹ́ máa ń ba iṣan ẹran ọ̀sìn jẹ́, àwọn mìíràn kì í sì í dìde mọ́.

Ẹ kọ́kọ́ mọ irú èyí tí ẹ ń sìn. Ahun igbó Ìjẹ̀bú àti Oǹdó, tí ẹ̀yìn ìkarahun rẹ̀ máa ń pa dé bí ìlẹ̀kùn, a máa jẹ olú, ìgbín àti èso tó já bọ́. Ti ìhín kò rí bẹ́ẹ̀. Kunkuru ńlá tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí iyanrìn, tí ẹ̀gún wà ní itan rẹ̀, ọmọ Sàhẹ́lì ni. Bí a bá yọ ti erékùṣù kúrò, kò sí ahun orí ilẹ̀ tó tóbi tó o láyé. Akọ rẹ̀ lè wọn ju kílò 80 lọ. Koríko ló fi ń dá ara náà. Ẹni tó bá ń fún un ní ẹyin, ẹran tàbí ẹ̀wà ń fi ìfẹ́ ṣe é níkà.

Wọ́n á ní ẹranko mọ májèlé. Bóyá nínú aginjù, níbi tí ààyè wà láti yàn. Nínú ọgbà tí ògiri yí ká, tó jẹ́ ohun tí ẹ dà sílẹ̀ nìkan ló wà níwájú rẹ̀, ebi ló ń bá a yàn.

Lẹ́yìn òjò, nǹkan mẹ́ta máa ń fà nílẹ̀ lẹ́yìnkùlé wa, tí ojú tó ń kánjú lè kà sí ọ̀kan. Pápásan nìyí. Igi rẹ̀ sanra, ó pọ́n díẹ̀, ewé rẹ̀ nípọn, ó ń dán, òdòdó rẹ̀ ní àwọ̀ ìyeyè. Ẹ ṣẹ́ ẹ: omi tó mọ́ gaara ló yọ. Ahun fẹ́ràn rẹ̀, ẹ fún un, àmọ́ kó má jẹ́ òun nìkan lójoojúmọ́, nítorí ohun kan wà nínú rẹ̀ tó máa ń di kálísíọ̀mù mú, ìkarahun kò sì ní rí i lò. Èkejì tẹ́ sílẹ̀ bí ẹní, igi tirẹ̀ náà pọ́n, ṣùgbọ́n ó tín-ín-rín bí okùn ìránṣọ, ewé rẹ̀ fẹ́lẹ́. Ẹ ṣẹ́ ẹ: oje funfun bíi wàrà ló ń kán yìí. Ìdí nìyẹn tí àwọn Hausa fi ń pe ẹbí rẹ̀ ní nonon kurciya, ọmú àdàbà. Ẹ sọ ọ́ nù, kí ẹ sì fọwọ́ kí ẹ tó fi nu ojú. Ẹ̀kẹta ni dáágunró, tsaido: ewé rẹ̀ tò lẹ́sẹẹsẹ bí ewé àjàgbọn, òdòdó rẹ̀ náà ní àwọ̀ ìyeyè. Ẹni tí èso rẹ̀ ti gún ní táyà kẹ̀kẹ́ rí mọ ohun tó lè ṣe sí ẹnu ahun.

Ìwọ̀nyí ni mo dà pọ̀ nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọ̀dọ́. Ìrọ̀lẹ́ ni mo lọ já ewé, mo ń fi tọ́ọ̀ṣì wá a. Ojú ahun mi wú, ó pa á dé, kò fẹnu kan nǹkan fún ọjọ́ mẹ́rin. Láti ìgbà náà, àárọ̀ ni mo ń já ewé, irú kan ṣoṣo sì ni ọwọ́ mi ń mú lẹ́ẹ̀kan.

Ní ìgbà ẹ̀rùn, ọgbọ́n mìíràn ni. Nínú oṣù kẹrin, tí ohun gbogbo ti gbẹ, tí ewúrẹ́ ń jẹ páálí lójú títì, bí ẹ bá rí ewé tútù yọ̀yọ̀ ní gbangba, ẹ bi ara yín léèrè pé kí ló dé tí ewúrẹ́ fi í sílẹ̀. Bọmubọmu ni, tumfafiya. Tàbí duman kada tó ń fà létí odò Rima. Tàbí zakami, tí òdòdó rẹ̀ funfun, tó sì rí bíi fèrè, tí èso rẹ̀ lẹ́gùn-ún. Lápálàpá tí wọ́n fi ṣe ọgbà àti ìlárà náà wà níbẹ̀. Pé ewúrẹ́ jẹ nǹkan kò dá nǹkan náà láre, àmọ́ èyí tí ewúrẹ́ tí ebi ń pa kọ̀, ẹ̀bi rẹ̀ ti hàn. Ẹ má sì já ewé ọkà bàbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tún rú láti kùkùté. Ó ń pa màlúù, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ti ahun.

Kí ni kí ẹ wá fún un? Koríko kirikiri àti gbági ni kó pọ̀ jù. Karangiya dára kó tó so. Bó bá ti so, ẹ̀gún ni. Sábàrúmá, ètìpọ́nlá, ewé ìsápá, zogale, ẹ fi wọ́n ṣe ọbẹ̀. Tẹ̀tẹ̀, díẹ̀díẹ̀. Ní ẹ̀rùn, ẹ ra koríko gbígbẹ ní ọjà Kara. Harawa kò burú, àmọ́ ewé ẹ̀pà ni, ẹbí ẹ̀wà, kó má ju ẹ̀kúnwọ́ lọ.

Ewé tó dára lè ti ibi burúkú wá. Ẹ má já létí gọ́tà, ẹ má já níbi tí wọ́n ti fọ́n oògùn apakoríko, kí ẹ sì máa ṣa gbogbo ọ̀rá kúrò, nítorí ahun á gbé e mì.

Alágbà, ahun ààfin Ṣọ̀ún ti Ògbómọ̀ṣọ́, kú ní oṣù kẹwàá ọdún 2019. Ààfin ní ó ti pé ọdún 344. Àwọn onímọ̀ kò gbà, èmi náà kò gbà, àmọ́ kò sí ẹni tó jiyàn pé ó pẹ́ láyé. Ohun tó lè pẹ́ jù yín lọ ni ẹ ń bọ́, kì í sì í kígbe nígbà tí inú bá ń run ún.

Ẹ má ra kunkuru ńlá tí wọ́n wú láti inú ihò nínú igbó. Láti ọdún 2000 ni CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko igbó, ti ní kí ẹnikẹ́ni má ta ẹyọ kan ti inú igbó sí òkè òkun, nítorí wọ́n ń tán lọ.

Ewé tí ẹ kò bá mọ orúkọ rẹ̀, ẹ fà á tu tòun ti gbòǹgbò, òdòdó àti èso, ẹ gbé e wá. Abẹ́ igi dogon yaro yìí ni mo máa ń wà títí di ìrọ̀lẹ́.