Panápaná Tó Mọ̀jà Tó Mọ̀sá

Mọ̀jà mọ̀sá là ń mọ akínkanjú. Akínkanjú tó bá mọ̀jà tí kò mọ̀sá ní í bógun lọ. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ yọ̀ǹda ara yín láti máa paná ìgbẹ́ ní ìgbèríko, òwe yìí gan-an ni kí ẹ kọ́kọ́ mú dání. Àánú aládùúgbò ló ń gbé ènìyàn dé ìdí iṣẹ́ náà, ó sì dára bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n iná kò mojú aláàánú.

Ní ìpínlẹ̀ Victoria ní Ọsirélíà, àgbẹ̀, tíṣà àti onísọ́ọ̀bù tí kò gba kọ́bọ̀ ló pọ̀ jù nínú àjọ panápaná CFA, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1945. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kejìlá ọdún 1998, iná sọ nínú igbó nítòsí Linton. Ọkọ̀ méjì tó wá láti Geelong ń lọ pọnmi nígbà tí afẹ́fẹ́ yí padà. Omi ṣì kù díẹ̀ nínú ọ̀kan; òun ni àwọn inú rẹ̀ fi dáàbò bo ara wọn tí wọ́n fi yè. Ti ìkejì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ. Àwọn márààrún tó wà nínú rẹ̀ kú, ọ̀fẹ́ ni gbogbo wọn sì ń ṣiṣẹ́ náà.

Nítorí náà, ẹ kọ́ ìwà afẹ́fẹ́ kí ẹ tó kọ́ bí wọ́n ṣe ń di rọ́bà omi mú. Lọ́hùn-ún, afẹ́fẹ́ gbígbóná a máa ti àríwá fẹ́, iná á sì máa sáré lọ tóóró sí ìhà gúúsù. Bí afẹ́fẹ́ tútù bá ti gúúsù ìwọ̀-oòrùn já lù ú, ẹ̀gbẹ́ iná tó ti gùn gbọọrọ yẹn ló máa di iwájú, yóò wá ya bo ẹni tó rò pé ẹ̀gbẹ́ lòun wà. Lẹ́yìn ikú àwọn márùn-ún yẹn, ó di dandan kí omi kan máa ṣẹ́ kù nínú ọkọ̀ tó jẹ́ ti ẹ̀mí àwọn òṣìṣẹ́ nìkan. Ẹni tí kò bá gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kò sì gbọdọ̀ dé ojú iná.

Ẹ má wọ náílọ́ọ̀nù sábẹ́ ẹ̀wù iṣẹ́. Ooru a máa yọ́ ọ mọ́ ara. Aṣọ òwú ni kó jẹ́. Bí ọ̀gá bá ní ẹ padà, ẹ padà, ì báà ku ilé kan ṣoṣo. Ẹni tó sì lọ gba oko olóko là láìsọ ibi tí aya àti ọmọ tirẹ̀ yóò sá sí, ọkàn rẹ̀ kò lè wà lẹ́nu iṣẹ́.

Bí ikọ́ fée bá ń ṣe yín, ẹ má fi pamọ́; iṣẹ́ ṣì wà fún yín tí kì í ṣe ti ojú iná. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ jókòó ti rédíò, kó máa kọ orúkọ àwọn tó wọgbó sílẹ̀ àti àkókò tí wọ́n jáde.